Òjò Oṣù Karùn-ún

Mo ka orí kẹsàn-án ìwé tí mò ń kọ lọ́wọ́ sétí Màmá Mólípa lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday kan. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, gaàrí ni wọ́n sì fi ọjọ́ ayé wọn tà ní ọjà Ìta-Àlẹ̀. Ibi tí mo ti kọ ọ́ pé eruku ń sọ lálá lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú bí wọ́n ṣe ń sáré lọ sétí odò Yemọjí ni wọ́n ti dá mi dúró.

"Oṣù wo lo ní ogun Ìmàgbọn jà?"

Mo ní oṣù karùn-ún ni, mà, ọdún 1892.

"Eruku wo ló wà ní Ìjẹ̀bú nínú oṣù karùn-ún?"

Mi ò rí nǹkan fọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Láti ọdún 2012 ni mo ti ń gbé ní Colchester, ní apá ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ kíà ni mo fi ń jẹun níbẹ̀: òru mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn wákàtí tó bá ṣẹ́kù, ìtàn ogun ni mo fi ń kọ. Ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Èyí tí mò ń kà fún Màmá dá lórí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi ogun gba Ìjẹ̀bú: bí Gómìnà Carter ṣe rán Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott láti Èkó, tí wọ́n gba orí ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọlé tọ̀ wá, tí wọ́n jà létí Yemọjí, lẹ́bàá Ìmàgbọn, ní 19 oṣù karùn-ún, tí wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì, nígbà ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe. Èkejì jẹ́ ìtàn kúkurú mẹ́fà nípa àwọn ọmọ wa tó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá, mo tú gbogbo ohun tí mo ti kọ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú orí kẹjọ, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì pàgọ́ ní aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́, ọ̀gá wọn kan sì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ka lẹ́tà. Oòrùn Colchester nìyẹn. Nínú oṣù karùn-ún, aago mẹ́sàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí oòrùn tó wọ̀ níbí. Nílé, kí aago méje tó lù ó ti wọ̀, òkùnkùn á sì dé lójijì bí ẹni da aṣọ bo nǹkan. Mo mọ èyí láti kékeré, síbẹ̀ ọwọ́ mi kọ òmíràn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ṣí orí kan, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé níbo ni mo jókòó sí nígbà tí mo kọ ọ́.

Ní Colchester, ọjọ́ tí n kò bá lọ síṣẹ́, aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń jókòó. Mo máa ń rẹ gaàrí Ìjẹ̀bú sínú ife, kíkan rẹ̀ a máa là mí lójú ju tíì lọ. Títí di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi ti jọ ń kí ara wa, a ò tíì jókòó pọ̀ rí. Iná kì í lọ. Mo lè kọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí n sì fara balẹ̀ fi àmì sórí gbogbo wọn. Owó gáàsì tí a fi ń mú ilé móoru ni kò jẹ́ kéèyàn gbádùn ìgbà òtútù. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ilé ìkàwé ìlú ni mo máa ń gbé iṣẹ́ mi lọ, torí ibẹ̀ móoru, wọn kì í sì í gbowó.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, iná ló ń pín ọjọ́ mi fún mi. Bó bá dé láago méjì òru, gbogbo ilé á ta jí: ẹni tó ń lọ aṣọ, ẹni tó ń fa omi sí táǹkì, èmi náà á sì ṣí kọ̀ǹpútà. Jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kì í ṣe ohun tí a ń tàn nítorí ìwé ìtàn. Bírò ni mo fi ń kọ, sínú ìwé. Ohun tí a fi bírò kọ kò ṣeé pa rẹ́ bíi ti kọ̀ǹpútà, nítorí náà mo máa ń sọ gbólóhùn kan jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ojú ewé tí mo kọ báyẹn ló rọrùn jù láti kà sókè.

Àlejò kì í sì í tán. "Ẹ kú ilé o. Kí lẹ ń kọ lójoojúmọ́ yìí?" Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dùn mí pé mo fowó wọkọ̀ òfuurufú wálé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ní, wọn ò sì jẹ́ kí n kọ̀wé. Ìyẹn ti kúrò lọ́kàn mi. Káfíńtà kan tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe ní December tó kọjá gbọ́ pé ogun Ìmàgbọn ni, ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní ìtàn kan wà nínú ìdílé àwọn nípa ohun tí bàbá ńlá àwọn sọ sínú kànga kí àwọn sójà tó wọ̀lú. Wákàtí méjì ló fi sọ ọ́, tó ń dìde, tó ń fi ọwọ́ wọn bí kànga náà ṣe fẹ̀ tó. Ilẹ̀kùn ò parí lọ́jọ́ náà, èmi náà ò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Orí kẹrìnlá, láti ẹnu rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lò ó.

Irú káfíńtà bẹ́ẹ̀ ò sí ní Colchester, ṣùgbọ́n Kew wà. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin dé Stratford, kí n tún wọ òmíràn títí dé Kew Gardens, níbi tí ibi ìkówèésí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà. Wọ́n ṣe káàdì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Pẹ́ńsù nìkan lèèyàn lè fi kọ̀wé nínú yàrá ìwé, kò sí bírò, kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Èèyàn á béèrè ìwé lórí kọ̀ǹpútà, wọn á gbé e jáde: CO 147 ni ti lẹ́tà àwọn gómìnà Èkó, WO 172 sì ni àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ọmọ ogun tó jà ní Bọ́mà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kan ìwé tí wọ́n kọ láti Èkó nípa ìlú mi ní ọdún 1892, mo ní láti jáde lọ dúró létí omi tó wà níwájú ilé náà fún ìgbà díẹ̀.

Àkọsílẹ̀ Bọ́mà kún fún aago àti nọ́ńbà ibi tó wà lórí máàpù. Ọ̀gá òyìnbó tó bá kú, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Tiwa, iye wọn ni wọ́n sábà ń kọ. Ní àdúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Bóma. Bàbá ò ní aago, wọn ò ní nọ́ńbà. "Ọjọ́ tí àwọn ọ̀bọ dákẹ́" ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, torí pé bí ọ̀bọ bá dákẹ́ nínú igbó, ẹ̀dá ènìyàn ló wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó kú ni wọ́n ń kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlú tí oníkálukú ti wá: Ìpẹ́rú, Ìkẹ́nnẹ́, Àgọ́-Ìwòyè. Mo ti fi ọdún méjì wá ọjọ́ àwọn ọ̀bọ náà nínú WO 172. N kò tíì rí i.

Dífíṣọ̀n 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó jà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ni ìtàn mẹ́rin nínú mẹ́fà yẹn dá lé. Wọ́n fọwọ́ la ọ̀nà nǹkan bí 75 máìlì gba orí òkè, lẹ́yìn náà wọ́n wọ ibi tí mọ́tò ò lè dé, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń fi orí ru ẹrù. Báráàkì ńlá wà ní Colchester, àwọn sójà tó ń fi párásúùtù fò ló wà níbẹ̀. Láàárọ̀ wọ́n máa ń sáré kọjá lójú fèrèsé mi pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ èémí wọn, mo ń wo bí èjìká ṣe ń tẹ̀ síwájú, mo sì fi èyí kọ ìtàn kìn-ín-ní. Kò jọ òótọ́. Ìgbà tí mo padà sí Ìta-Àlẹ̀ ni mo rí ibi tí mo ti ṣìnà. Obìnrin tó ru àpò gaàrí kì í tẹ̀; ọrùn rẹ̀ le gan-an, ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí. Ẹni tó ru ẹrù sórí ò lè gbójú sókè wo orí igi. Bẹ́ẹ̀, orí igi gan-an ni wọ́n lè ti yìnbọn fún un nínú igbó. Gbogbo ẹ̀rù tó wà nínú ìtàn náà wá láti ara ọrùn yẹn.

Tí etí náà wà. Láti Fingringhoe, níbi tí àwọn sójà ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, a máa ń gbọ́ ìró dé inú ìlú: ta-ta-ta-ta, ó gbẹ, kò ní ẹ̀mí nínú. Mo lo ìró yẹn fún ìbọn Maxim tí wọ́n gbé wá bá wa. Ṣakabùlà tiwa kì í dún báyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún, àyà èèyàn ló sì ń gbà á ṣáájú etí, kí èéfín tó bo ẹni tó yìn ín. Ojúde Ọba ni mo ti mọ̀ ọ́n, nígbà tí àwọn ìdílé balógun bá gun ẹṣin wọlé. Láti 2012, orí fóònù ni mo ti ń wo Ojúde Ọba, fóònù sì ń sọ ìbọn náà di àpàtẹ́wọ́ lásán.

Àwọn òyìnbó inú ìwé mi, iṣẹ́ kíà ló tún wọn ṣe. Nígbà tí mo wà nílé, ọ̀gá sójà òyìnbó tí mo bá kọ, ariwo ló máa ń pa. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní ilé ìtọ́jú náà tó ti ṣe sójà rí. Lóru tí ẹsẹ̀ ń ro ó débi pé ó ń gbọ̀n, mo bi í bó ṣe ń ṣe é, ó rọra ní kò burú púpọ̀, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má ṣe dá ara mi láàmú. Mo lọ sílé, mo pa gbogbo ariwo ọ̀gá sójà inú orí kẹwàá rẹ́. Ó ń pàṣẹ kí wọ́n sun abúlé kan báyìí pẹ̀lú ohùn tí a fi ń béèrè ṣúgà. Ẹ̀rù rẹ̀ wá ń bà mí.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù November, wọ́n máa ń to òdòdó pupa síbi ìrántí ogun tó wà lẹ́bàá ilé olódi Colchester, ìlú á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Mo máa ń lọ. Tiwa ní Nàìjíríà, 15 January ni, àwọn ìjòyè ìjọba á to òdòdó, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ ogun tí a kò mọ sàréè wọn ní Bọ́mà wà lára òkúta ìrántí ní Taukkyan, ní Bọ́mà níbẹ̀, wọ́n tó nǹkan bí 27,000, tiwa wà lára wọn. Ní àdúgbò wa, kò sí òkúta kankan tí a kọ orúkọ Bàbá Bóma sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ àwọn ìtàn mẹ́fà náà, tí mo sì fi orúkọ ìlú oníkálukú sí i.

Mo sọ fún Màmá pé mo ti yọ eruku kúrò, mo ti fi òjò sí i. Wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé fóònù ti já.

"Òjò tí o kọ yìí," wọ́n ní, "òjò ìlú òyìnbó ni. Ó ń kán tó, tó, tó. Ọmọ mi, ọdún mélòó lo ti lò níbẹ̀ yẹn, inú ọyẹ́ nìkan lo máa ń wá wò wá."

Òótọ́ ni. December ni gbogbo wa ń wálé, fún ọdún tuntun, fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí wọ́n ti sún dúró dè wá. Ìjẹ̀bú tí mo ti ń rí láti ọdún mẹ́tàlá ni èyí tí eruku bo ewé rẹ̀, tí ètè ń là. Eruku orí kẹsàn-án, níbẹ̀ ló ti wá.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún oṣù karùn-ún. Màmá ní ọmọ ọmọ wọn kan á fi ọ̀kadà gbé mi dé Ìmàgbọn, a ó sì dúró létí odò títí òjò á fi dé, ó pẹ́ ni, ó yá ni. Mo béèrè ohun tí kí n bá wọn rà bọ̀ láti ibí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan, kí n ṣáà ra bàtà tí omi ò ní lè wọ̀ fún ara mi.