Ẹ Ran Ọmọ Náà Lọ́wọ́, Ẹ Má Bèèrè Ṣọ́ọ̀ṣì Tó Ń Lọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé báwo ni Kristẹni ṣe ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà ní CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba, níbi tí kò ti sí àyè ìwàásù.

Ìwé òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 1990 ti sọ pé ìjọba kò gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kankan. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀, ẹ wo kíláàsì yín: ọmọ Mùsùlùmí ń bẹ níbẹ̀, ọmọ Kátólíìkì, ọmọ Sẹ̀lẹ́, àti ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí ọmọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá rí i pé àwọn tó ń wá sí ìpàdé àdúrà yín nìkan ni ẹ ń ṣàlàyé ìṣirò fún lẹ́yìn iṣẹ́, á wá sí àdúrà. Máàkì ló wá, kò wá Jésù.

Ọdún BEPC, ìdánwò tí wọ́n fi ń parí ìpele àkọ́kọ́ girama, ni iṣẹ́ wa ti wúwo jù. Ọmọ lè jókòó láti àárọ̀ dọ́sàn-án láìlanu, kí ẹ máa rò pé olódo ni. Ẹ bá a sọ èdè ilé, ẹ ó rí i pé ó mọ̀ ọ́n, Faransé ló dí i lẹ́nu. Èmi máa ń jẹ́ kí ọmọ fi Yorùbá ṣàlàyé ìbéèrè fún mi dáadáa, kó tó kọ ohunkóhun ní Faransé. Láyé àwọn òyìnbó, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé ìwé, wọ́n á so àmì ìtìjú tí wọ́n ń pè ní signal mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn olùkọ́ kan ṣì ń so ó, ojú lásán ni kò rí i.

Bí ọmọ bá ń pa kíláàsì jẹ, ẹ má dúró de ìpàdé òbí. Ẹ lọ sílé rẹ̀ kíá. Ààlà Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Ọmọ tó bá ti lọ ṣiṣẹ́ oko lọ́hùn-ún, tó fowó ara rẹ̀ ra fóònù, ó ṣòro kó tún padà wá kọ dictée, àpèkọ Faransé. Tẹ́ ẹ bá dé ilé, ẹ kí bàbá bó ṣe yẹ, ẹ bèèrè àgbàdo rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán. Ẹ fi Bíbélì sílẹ̀ nínú àpò.

Ti ọmọbìnrin, mi ò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Òfin ti wà láti 2006 lórí fífi ìbálòpọ̀ lọni, ti 2021 sì tún mú un le sí i. Kò sí àdúrà ìkọ̀kọ̀ láàárín olùkọ́ ọkùnrin àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Ìta gbangba ni kí ẹ jókòó sí. Ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i lóru, ì báà jẹ́ ẹsẹ Bíbélì. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ara obìnrin, ẹ pe olùkọ́ obìnrin sí i.

Àdúrà ńkọ́? Ilé yín ni kí ẹ ti gbà á. Èmi ń dárúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí ilẹ̀ tó mọ́, ti Mùsùlùmí, ti abọ̀rìṣà. Wọn ò mọ̀.

Bí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè ohun tí ẹ gbà gbọ́, ẹ sọ fún un láìfi bò. Bó bá ní òun fẹ́ tẹ̀lé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ sọ fún bàbá rẹ̀.