Ọ̀dà tó kọ̀ tí kò gbẹ lára ọmọláńgidi

Ọ̀dà agolo tí mo fín sí orí ọmọláńgidi kan lóṣù Keje kò tíì gbẹ títí di òní. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Bàrígà ló ní òun ń fẹ́ ọmọláńgidi tó dúdú, tó kọ àbàjà bíi màmá wa. Mo ra èyí tó pupa bí òyìnbó ní Báloogun, mo ra ọ̀dà lọ́wọ́ àwọn tó ń kun mọ́tò ládùúgbò wa, mo fín in, ó ń dán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà dì í mú, àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tó já a gbà, gbogbo ilà ìka rẹ̀ hàn níbẹ̀ kedere. Ó ní, "Àǹtí, ọmọ mi ń làágùn."

Òótọ́ ni ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ. Orí ọmọláńgidi tó rọ̀, tó ṣeé fọwọ́ tẹ̀, irú rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní vinyl ni. Vinyl fúnra rẹ̀ le. Ohun olóròóró kan ni wọ́n pò mọ́ ọn kó lè rọ̀. Ọ̀dà tó ń rùn bíi tínà máa ń dà pọ̀ mọ́ òróró yẹn, á sì máa rọ̀ láti abẹ́ wá. Ẹ sá a sóòrùn fún oṣù kan, yóò ṣì máa lẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kun ètè rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Yaba Tech ló júwe ọ̀dà akírílíìkì fún mi, èyí tí wọ́n ń fi omi lásán pò. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ máa kùn ún, kí ọ̀kan gbẹ dáadáa kí òmíràn tó gùn ún. Mo kun tèmi ní ìgbà mẹ́fà kí àwọ̀ tó dọ́gba. Bí ẹ bá kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan, ojú búrọ́ọ̀ṣì á hàn, á sì máa bó.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Acetone, omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, lè nu ojú tí wọ́n tẹ̀ mọ́ orí rọ́bà náà kúrò, ṣùgbọ́n ara tó le jẹ́ ike mìíràn. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ta sí apá ọmọláńgidi tèmi, ojú ibẹ̀ sì yọ́ bíi súìtì tí ọmọ lá.

Fánísì ló gbà mí ní àkókò jù. Èyí tí kì í dán ni mo ń fín sí i kí n tó kùn ún, kí ọ̀dà lè rí nǹkan dì mú, mo sì tún ń fín in lé e lórí. Mr. Super Clear, fánísì alágolo kan tó ń wá láti Japan, bá vinyl mu dáadáa. Àmọ́ èéfín rẹ̀ léwu: ìta gbangba ni kí ẹ ti fín in, pẹ̀lú ìbòmú tó ní èédú nínú. Ìbòmú aṣọ àti ti ọsibítù kò lè dá a dúró. Ẹ má sì fín in lásìkò òjò. Mo dán an wò, ọ̀rinrin há sínú rẹ̀, ojú dúdú tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin kùn wá funfun bí ẹni fi ẹfun pa á. Títí ọyẹ́ yóò fi dé, fánísì olómi tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ni mò ń lò. Fánísì tó ń dán, ẹyinjú àti ètè nìkan ni mo ń fi í sí.

Ẹ má fún ọmọ tó ṣì ń ki nǹkan bọnu ní ọmọláńgidi tí ẹ kùn báyìí o. Kí ẹ tó kun gbogbo orí, ẹ dán ọ̀dà náà wò lábẹ́ irun, níbi ìpàkọ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fìka tẹ̀ ẹ́.

Ọmọláńgidi kejì kọ àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìborùn màmá wa pọ̀n ọ́n.