Ọ̀sán kan ní Pessac

Mo wọ tíráàmù láti àárín ìlú Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, lọ sí Pessac lónìí, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí ọgbà àjàrà Château Haut-Brion. Ẹni tó bá rò pé ìgbèríko lòun ń lọ, ara á fu ú. Ilé àti títì ló yí ọgbà náà ká báyìí. Ìlú ti gbé e mì.

Ilẹ̀ rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí àjàrà tó sún mọ́ títì. Òkúta wẹ́wẹ́ lásán ni, pẹ̀lú iyanrìn díẹ̀. Bàbá mi ò jẹ́ gbin iṣu kan síbẹ̀ láé. John Locke, onímọ̀ ará England, dé ibí ní 1677, òun náà kọ ọ́ pé èèyàn á rò pé irú ilẹ̀ yìí ò lè so nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí àjàrà ń fẹ́ nìyẹn. Omi òjò kì í dúró, gbòǹgbò á wá omi lọ sísàlẹ̀. Òkúta á gba oòrùn lọ́sàn-án, á máa tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́.

Ìdílé Pontac ló dá ọgbà náà sílẹ̀, Jean de Pontac ló kọ́ ilé ńlá ibẹ̀ ní 1549. Ṣùgbọ́n Arnaud de Pontac tó jogún rẹ̀ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ló mọ ọjà tà, lójú tèmi o. Orúkọ ọgbà ló fi ń ta wáìnì tiẹ̀, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń jẹ́ wáìnì Bordeaux. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1663, Samuel Pepys, ará England kan, mu ún nílé ọtí kan ní London, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ: “Ho Bryan”. Ó ní adùn rẹ̀ yàtọ̀, òun ò bá irú rẹ̀ pàdé rí. Ẹni tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojúmọ́ rẹ̀ bíi tèmi ló ṣe ìpolówó ọ̀fẹ́ yẹn!

Nígbà tí wọ́n to wáìnì pupa Bordeaux sí ipò ní 1855, iye tó ń lọ lọ́jà ni wọ́n wò. Mẹ́rin péré ló wà lókè, Haut-Brion nìkan ni kò wá láti Médoc, agbègbè ọgbà àjàrà tó wà ní àríwá ìlú Bordeaux, nínú wọn. Clarence Dillon, ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà, rà á ní 1935. Ìdílé rẹ̀ ló ṣì ni ín.

Ṣé mo mu ún? Pẹ̀lú owó wo? Ìgò wáìnì pupa kan láti ọgbà mìíràn ládùúgbò náà ni mo rà bọ̀. Ó kan díẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá ẹran àgbò alẹ́ yìí lọ dáadáa.