Àjákù Àdìrẹ Tí Mo Fi Ń Rán Aṣọ Ìbora

Ní ilé wa ní Òṣogbo, a kì í da àjákù àdìrẹ nù, nítorí pé inú wọn ni mo ti ń rán aṣọ ìbora alápá mẹ́ta: ojú tí a fi ègé aṣọ tò pọ̀, òwú tó wà láàárín, àti ẹ̀yìn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ (èyí tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró) tí à ń pè ní Ìbàdàndùn ni ó kọ́kọ́ là mí lójú sí bí a ṣe ń to ègé, torí pé onígun mẹ́rin ni wọ́n pín ojú rẹ̀ sí, tí ọnà inú wọn yàtọ̀ síra, síbẹ̀ tí gbogbo wọn bára mu. Ẹni tó bá sì ti wo ẹ̀kú egúngún dáadáa mọ̀ pé títo aṣọ mọ́ aṣọ kì í ṣe àjèjì sí wa.

Aró ni ó gba sùúrù jù. Aṣọ tí a fi ẹ̀lú rẹ máa ń ṣí, nítorí náà mo máa ń fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí n tó gé e. Aró ti ràn mọ́ ègé funfun inú ìbora tí mo rán fún ìyá mi rí, ó sì dùn mí wọra. Lẹ́yìn tí mo bá lọ aṣọ náà, n óò fi rúlà wọ̀n ọ́n, n óò sì fi ìdámẹ́rin ínǹṣì sílẹ̀ yí ká fún ojú ìrán. Láti àárín ni mo ti máa ń gán apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ sí etí, kí aṣọ má baà hunjọ.