Wọ́n Ṣí Omi Manno Lónìí

Ọjọ́ 15 oṣù Okúdù nìyí, ọjọ́ tí àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní ìpínlẹ̀ Kagawa, ilẹ̀ Jàpáànù, ń pè ní Yuru-nuki. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ṣí dáàmù Manno, adágún tí wọ́n fi ń bomi rin oko. Omi ya jáde gbùà, ó funfun báláú, ó ń hó yeeyee lọ sínú gọ́tà tó kọjú sí oko. Ìrì rẹ̀ ta sí mi lójú níbi tí mo dúró sí.

Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbí, odò wọn náà sì kúrú. Kíá ni omi ń wọ òkun lọ. Ìdí nìyẹn tí adágún àtọwọ́dá fi lé ní 10,000 ní ìpínlẹ̀ kékeré yìí. Manno ló tóbi jù: ó ń gba omi tó mílíọ̀nù 15.4 mítà kúbíìkì.

Láàárín 701 sí 704 ni wọ́n kọ́kọ́ dí i. Nígbà tó bàjẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pe Kukai, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà tó jẹ́ ọmọ bíbí agbègbè náà, ní 821, torí wọ́n gbà pé bí òun bá wá, tọmọdé tàgbà ni yóò tú jáde ṣiṣẹ́. Wọ́n sì parí rẹ̀. Àmọ́ ó tún ya ní 1184, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe fún ohun tó lé ní 400 ọdún. Àwọn èèyàn kọ́lé sí ìsàlẹ̀ adágún, wọ́n ń dáko níbẹ̀, ó di abúlé! Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń ro ti abúlé yẹn. Nishijima Hachibei, onímọ̀ iṣẹ́ omi, ló tún adágún náà dí láàárín 1628 sí 1631.

Igi ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí omi ń gbà jáde lábẹ́ òkìtì tí wọ́n fi dí adágún náà láyé ìgbà yẹn. Igi a sì máa jẹrà, wọn a tún un gbẹ́ jáde, wọn a fi òmíràn sí i. Ó sú wọn, wọ́n fi òkúta pààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ mì tìtì ní 1854, omi ń jò láàárín òkúta, ó sì gbé òkìtì lọ. Ọdún 16 ni oko fi ṣàárò omi. Hasegawa Sataro, ọlọ́rọ̀ kan ní agbègbè náà, ò sinmi, ó ná owó ara rẹ̀ títí wọ́n fi tún un dí ní 1870. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò gbé ọ̀nà omi gba abẹ́ òkìtì mọ́: wọ́n lu àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já. Ọgbọ́n yẹn wú mi lórí gan-an.

Lọ́la, mo fẹ́ tẹ̀ lé gọ́tà náà lọ wo bí wọ́n ṣe ń pín omi fún oko kọ̀ọ̀kan.