Pijó 504 àti Ìjàpá: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Pijó ti padà sójú títì, a ti dá héèdì ẹ̀ (ìdérí orí ẹ́ńjìnì) padà, mo sì ti wá lè gbé òun àti Ìjàpá (Volkswagen Beetle) fi gun òkè kan náà ní Abẹ́òkúta níbí.

Tó bá jẹ́ ìwé lásán la fẹ́ wò, Pijó ti borí. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ 1971cc, bíi họ́ọ̀sìpáwà 93, Ìjàpá tèmi sì jẹ́ 1300, họ́ọ̀sìpáwà 44 péré. Òótọ́ ni pé Pijó wúwo, ó tó kílò 1200, Ìjàpá ò ju nǹkan bíi 820 lọ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pín in sórí ìwúwo pàápàá Pijó ṣì ló ń lé iwájú. Ní títì Ṣàgámù kò sí àríyànjiyàn rárá, Pijó á kọjá 150 kìlómítà ní wákàtí kan láì mí hẹlẹ, Ìjàpá ò lè ju bíi 125 lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gba Ìtòkú gun òkè lọ sí apá Olúmọ lẹ́yìn òjò. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn Ìjàpá sí i, torí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà, orí táyà tó ń wa mọ́tò gan-an ló jókòó lé, kì í yí lásán lórí amọ̀. Agbára ẹ̀ sì tètè ń dé, ní nǹkan bíi 2000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ló ti ń fà dáadáa, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá tẹná mọ́ ọn. Pijó tí kò kó èrò ní tiẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń fúyẹ́, ó sì máa ń yọ̀. Ṣùgbọ́n nínú kòtò, kò sóhun tó dà bíi Pijó, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ ń rìn gan-an!

Nípa iṣẹ́ héèdì yẹn: sílíífù 504 (páìpù tí písítìnì ń rìn nínú ẹ̀), omi ń kàn án ní tààrà, orí ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ ju búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnì) lọ kí tọ́ọ̀pù gáàsíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín héèdì àti búlọ́ọ̀kù tó lè dì í mú. Tí héèdì bá ti kúrò ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan yí ẹ́ńjìnì àfi tó bá ti de sílíífù mọ́lẹ̀, torí tó bá gbéra, ìdí ẹ̀ á máa jò, omi á wọnú ọ́ìlì, ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ìjàpá ò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tù ú. Ọ́ìlì ẹ̀ ò ju lítà méjì ààbọ̀ lọ, kò ní fílítà, asẹ́ lásán ló wà nísàlẹ̀, torí náà mo ń pààrọ̀ ẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí dáínámò àti fáànù, tí iná pupa bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, torí bẹ́ẹ̀tì lè ti já, fáànù ò sì ní yí mọ́, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọra dé Kútọ̀.

Ọ̀la ni mo máa ṣètò fáàfù Ìjàpá láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, àlàfo ẹ̀ á jẹ́ 0.15mm. Páànù tó ń darí afẹ́fẹ́ lápá ọ̀tún ló kù tí mi ò tíì rí, àwọn kan ti yọ ọ́ sọnù látijọ́. Ẹni tó bá ní ojúlówó ẹ̀ nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí, mo máa wá gbé e.