Déètì ni wọ́n fi ń purọ́

Nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé owó ní ilé-iṣẹ́ kan, iṣẹ́ tí n kò fẹ́ràn rárá ni kíka ọjà nígbà tí ọdún bá ń parí. Lọ́dún kan, mo gun àkàbà dé ibi tí páálí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà nínú sítọ́ọ̀, mo gbé ọ̀kan, ó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ: òfìfo ni. Ẹni tí ó di àkàbà mú nísàlẹ̀ ní kí n kọ ohun tí mo bá, pé páálí ni mo ṣáà bá. Mo kọ ọ́.

Páálí yẹn ni mo rántí nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Cadbury Nigeria, àwọn tí ń ṣe Bournvita ní Ìkẹjà. Ní ìparí ọdún 2006 ni ìgbìmọ̀ olùdarí wọn kéde pé ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà ti fi bílíọ̀nù 13 sí 15 náírà ju òótọ́ lọ láàrin ọdún mélòó kan, wọ́n sì yọ ọ̀gá àgbà àti olùdarí ètò owó nípò. Nígbà tí àjọ SEC, tí ń bójú tó ọjà ìpín ìdókòwò, dájọ́ ní ọdún 2008, ọ̀nà mẹ́rin ni ó kà sílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn kò ju pé kí a mú ohun tòní kọ sí ọ̀la, tàbí kí a mú ti ọ̀la kọ sí òní.

Èyí tí àwọn oníṣòwò mọ̀ jù ni dída ọjà lé alágbàtà lórí. Ká sọ pé alágbàtà kan ń ta 100 páálí lóṣù. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, ilé-iṣẹ́ já 400 sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n kọ ìwé ọjà fún un, wọ́n ní kó má ṣèyọnu nípa owó. Nínú ìwé, 400 ti di títà, èrè ọdún náà sì ga; ṣùgbọ́n alágbàtà kò ní béèrè ọjà mọ́ fún oṣù mẹ́rin gbáko, nítorí náà ọdún tuntun ti jẹ gbèsè kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí àlàfo náà má baà hàn, 600 ni wọn yóò gbé wá lọ́dún tí ń bọ̀. Alájọ tí ń fi owó tí Lágbájá dá lónìí san ti Tàmẹ̀dò tí ó ti ná lánàá mọ ìnira náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ilé-iṣẹ́ kí n tó wo èrè rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ta ọjà kí ọdún tó parí, kí wọ́n sì rà á padà. Ìkẹta ni títi ìnáwó síwájú, kó má baà gé èrè ọdún yìí kúrú. Ìyẹn náà ni WorldCom, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan, ṣe ní Amẹ́ríkà: owó tí wọ́n ń san kí ìpè àwọn oníbàárà wọn lè gba orí wáyà ilé-iṣẹ́ mìíràn kọjá, tí ó yẹ kó jẹ́ ìnáwó ọdún náà, ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí dúkìá tí a ó máa yọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bílíọ̀nù 3.8 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ kéde ní 2002. Kí ìwádìí tó parí, ó ti tó bílíọ̀nù 11.

Ìkẹrin ti Cadbury kò bá déètì lọ. Ó jọ páálí òfìfo gan-an: ìwé ẹ̀rí èké lórúkọ àwọn tí ń kó ọjà fún wọn. SEC bu ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà lé àwọn ọ́dítọ̀ Cadbury lórí, ìyẹn àwọn ará ìta tí ń yẹ ìwé owó wọn wò.

Ní ilé-iṣẹ́ tiwa, àwọn ọ́dítọ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n dúró sílẹ̀, wọ́n ka páálí ìlà iwájú, wọ́n sì fi iye ìlà tó wà lẹ́yìn sọ ọ́ di púpọ̀. Àkàbà fara ti ògiri. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.